Nẹ́ẹ̀tì fún Má-kánjú

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Báwo ni ara? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni òtútù ibẹ̀ yẹn? Mo yára kí ẹ kí o má baà sọ pé màmá rẹ kò kí ẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Èmi wà. Ṣọ́ọ̀bù wà. Máṣíìnì ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń ba etí mi jẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà má fi fóònù dà mí láàmú mọ́. Nígbà tí o pè lọ́jọ́sí, gbogbo ohun tí mo gbọ́ kò ju bí ìgbà tí òróró ń hó nínú ìkòkò. Ìwé ni kí o máa kọ. Ìwé kì í pariwo, mo sì lè kà á lẹ́ẹ̀mejì.

O béèrè bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ. N kò ṣe nǹkan kan. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, mò ń rán an. Àwọn ènìyàn ń wo ojú mi bóyá omi á jáde níbẹ̀. Èmi náà ń retí rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò sunkún, n ò sì ríran. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ òkè ni mo torí rẹ̀ mú bírò. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, wọn kò tíì rán ẹ̀ṣọ́ mìíràn wá sórí òkè, nítorí náà èmi ni mò ń gùn ún lọ wo Má-kánjú. O ṣáà rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá yà sílé wa: "Òdòdó yìí, kò sí níbòmíì láyé àfi orí òkè wa yìí. Ó lè tó ogún ọdún kó tó yọ òdòdó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń yọ ọ́. Tó bá ti so báyìí, ó kú nìyẹn, ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀." Àlejò á ní "Hẹn-ẹ́n," á máa wo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí o wà ní kékeré, ìdí àpáta lẹ́bàá odò la ti ń rí i. Nígbà tó yá, kò sí níbẹ̀ mọ́, ó di àárín òkè. Kùrukùru ló ń mu. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ni kùrukùru ń gbà sókè, òun náà sì ń tẹ̀ lé e. Ní báyìí, ìwọ̀nba tó kù wà lórí téńté, lẹ́yìn òkúta pẹlẹbẹ tí bàbá rẹ máa ń jókòó lé. Òkè ti tán. Kò sí ibi tí wọ́n tún lè sá gùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i pé gbogbo wọn jọ yọ igi òdòdó lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan níbí lọ́dún yìí, òmíràn lọ́hùn-ún lọ́dún mìíràn ni. Ewé wọn sì ti rọ, nítorí kùrukùru kì í pẹ́ mọ́ kí oòrùn tó tú u ká. Bí wọn kò bá so lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn, Má-kánjú ò sí mọ́. Ìwọ lo kàwé òdòdó. Kí ni kí n ṣe?

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi bàtà tí kì í yọ̀ rán an sí mi. Ẹsẹ̀ mi kò fi bẹ́ẹ̀ gba òkè mọ́.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ẹ fojú inú wò ó, nítorí ibi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí kò gba ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Inú ilé onígíláàsì níbi iṣẹ́ ni mo wà. Òdòdó ló yí mi ká, páìpù sì wà lókè àjà. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, páìpù á mí kùrukùru jáde, gbogbo gíláàsì á funfun. Òdòdó kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀, èmi ni mo ń tọ́jú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń gbádùn jù mí lọ, torí kò sí ẹni tó ń bomi rin èmi.

Mo sọ ọ̀rọ̀ Má-kánjú fún ọ̀gá mi. Obìnrin yìí kì í gbójú sókè bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó ní irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ níbikíbi. Ó ní bó bá so lọ́dún yìí, iléeṣẹ́ á rán èmi gan-an wá sílé, kí n wá mú díẹ̀ nínú irúgbìn náà wá síbí, kí èmi pẹ̀lú yín sì gbin ìyókù padà sórí òkè. Ìwé ìgbélùú mi sì ti jáde lóṣù tó kọjá, kò sí ohun tó tún dí mi lọ́nà. Màmá, mò ń bọ̀ wálé! Kó ṣáà so.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Ẹ wá nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré, ẹ nà án sórí òpó lókè wọn, kó kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Kùrukùru tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á di ẹ̀kán omi, á máa kán sí wọn nídìí. Nẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí ló dára. Aránṣọ ni yín, ẹ̀yin lẹ mọ bí a ṣe ń rán ohun tí afẹ́fẹ́ kò ní ya.

Tàbí kí ẹ wú ọ̀kan kékeré, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. N óò tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ páìpù.

Bàtà ń bọ̀. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ yín kò yí padà, àbí?

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹta

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? O ní kò sí ẹni tó ń bomi rin ẹ. Fẹ́ ìyàwó.

Mo rí i kà pé iléeṣẹ́ rẹ á fún ẹ láyè kí o wálé nítorí òdòdó. Ó dára. Nígbà tí bàbá rẹ wà nínú pósí, o ní ìwé kò tíì jáde, àti pé bí o bá jáde níbẹ̀ wọn kò ní jẹ́ kí o wọlé mọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ kọ́. N kò bínú, mo kàn ń sọ ọ́ kí n má baà fi ẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tu itọ́ funfun jáde ni. Mo ti tu ú báyìí.

Ti wíwú, gbàgbé ẹ̀. Bàbá rẹ lé ọ̀mọ̀wé kan sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí nítorí pé ó gbé ṣọ́bìrì dání. Èyí tí wọ́n gbìyànjú láti wú nígbà kan rí, kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè ló ti kú.

Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀tì ti wà lókè. Ọjọ́ kejì tí lẹ́tà rẹ dé ni mo pa aṣọ oníbàárà tì. Mo so nẹ́ẹ̀tì mọ́ ara wọn, mo rán ojú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, mo ṣẹ́ ẹ létí yí ká, mo sì fi ìgbànú ṣòkòtò àtijọ́ ṣe ibi tí okùn á gbà. Káfíńtà ló bá mi ru òpó. Nígbà tí a nà án tán, ó dúró, ó ń wò ó, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ gbé òdòdó yìí níyàwó tẹ́ ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó lójú báyìí?" Mo ní kó gbá òpó rẹ̀ wọlẹ̀, kó yé ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti ń kán. Mo gbé ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó tutù. Ewé wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn, mo sì dúró díẹ̀ bóyá á dùn. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀, torí ẹni tó ni ṣòkòtò tí mo fẹ́ gé ń dúró dè mí.

Mo ti gbá yàrá rẹ. Mo ti sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí Káfíńtà, ẹ ní mo ní yẹ̀yẹ́ rẹ̀ dára ju òrùlé tó kàn fún wa lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa pósí, mo gbà á. Lọ́jọ́ tí ẹ ń sin Bàbá, ọ̀gá mi ní kí n máa lọ sílé kí n lọ sinmi. N kò lọ. Mo ń tẹ bọ́tìnnì, mo ń wo bí gíláàsì ṣe ń funfun, ó ń mọ́, ó tún ń funfun. N kò ro nǹkan kan. Títí di òní, bí wọ́n bá ní kí n sọ bó ṣe rí lára mi, n kò rí i sọ. Ara mi kú ni.

Wọ́n ti mú oṣù Keje fún ìrìn àjò mi. Wọ́n ti gbé ìkòkò òdòdó kan kalẹ̀ lórí pẹpẹ, èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ kọ orúkọ Má-kánjú sára rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ti wà nínú rẹ̀. Ohun tó kù ni kó so.

Bí òdòdó bá ti là, ẹ má ṣe lé àwọn oyin kéékèèké dúdú tí kì í ta ènìyàn yẹn o. Àwọn ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kan lọ sí òmíràn. Láìsí wọn, òdòdó á kàn là lásán ni, kò ní so. Bàbá máa ń sọ pé bí wọ́n bá ti dé, gbogbo orí òkè á máa kùn bí máṣíìnì yín.

Ọ̀gá mi béèrè irú nẹ́ẹ̀tì tí ẹ lò. Ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Bàtà dé, ó bá ẹsẹ̀ mi mu. Kò yọ̀. O ṣeun, wàá rí ẹni ṣe fún ẹ.

Wọ́n ti là! Gbogbo wọn. Mo gun òkè láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá wọn bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ wọn dà bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ọ̀nà ọ̀fun wọn sì pupa. Gbogbo ọdún tí bàbá rẹ fi ṣọ́ òkè yìí, wọn kò rí i kí gbogbo òdòdó jọ là báyìí rí. Mo jókòó sórí òkúta bàbá rẹ. Mo ní, "Ẹ wá wò ó o." Mo sọ ọ́ bí ìgbà tí mo bá ń pè wọ́n wá jẹun.

Ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́. O ní òkè á máa kùn. N kò gbọ́ nǹkan kan. Etí mi yìí náà ni, ó ti burú ju bí mo ṣe rò lọ. Oyin náà kò sì ju yanmọtí lọ, n kò lè fi ojú mi yìí rí wọn. Ṣùgbọ́n n kò lé ẹnikẹ́ni o.

O béèrè nẹ́ẹ̀tì. N kò rà á. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí nọ́ọ̀sì pín nígbà tí bàbá rẹ wà lórí àìsàn ni. Kò tíì kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ nígbà tí mo mú un. Mo tún gba ti àwọn aládùúgbò kún un, àwọn tí kò fẹ́ so tiwọn torí pé ó ń mú ooru. Ojúlówó ni. Oògùn tó wà lára rẹ̀ ta mí lójú nígbà tí mò ń rán an, ìka mi sì yún mi. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ìyá rẹ kì í fi ohun yẹpẹrẹ ṣiṣẹ́.

Kí lo fẹ́ kí n sè nígbà tí o bá dé? Sọ ọ́ ní tòótọ́, má sọ pé ohunkóhun.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Karùn-ún

Màmá,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ já nẹ́ẹ̀tì náà kalẹ̀. Ẹ lọ báyìí, bí ẹ bá ti ka ìlà yìí tán.

Oògùn tó ń pa ẹ̀fọn, oyin náà ló ń pa. Ẹ gbé e jìnnà sí orí òkè. Bí òdòdó bá ṣì kù tó là, ẹ wá ìyẹ́ adìẹ tó rọ̀, ẹ fi tọ́ inú ọ̀kan, kí ẹ tún fi tọ́ inú èkejì, kí lẹ́búlẹ́bú lè bá ara wọn pàdé. Ẹ ṣe gbogbo èyí tí ọwọ́ yín bá tó.

Mo pe Káfíńtà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pè é lánàá, mo tún pè é lónìí.

Èmi ni mo kọ ọ́ pé nẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí. Ẹ̀bi yín kọ́.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Èmi kí ẹ o, bí ìwọ kò tilẹ̀ kí mi. Nígbà tí mo rí i pé lẹ́tà rẹ kò ní ìkíni ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Káfíńtà lọ kan òrùlé ilé ìwé kan ní ìlú kejì, ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò tíì dé.

Mo lọ lójú ẹsẹ̀. Mo wọ bàtà rẹ, mo mú ìyẹ́ adìẹ dání bí o ṣe wí. Òdòdó ti rẹ̀ tán. N kò rí ibi tí mo fẹ́ fi ìyẹ́ kàn. Mo wo abẹ́ èyí tó ti gbẹ, níbi tó yẹ kí èso ti máa wú. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Mo wo èkejì, mo wo gbogbo wọn.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé awò sójú. Wọ́n wà níbẹ̀ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, àwọn oyin. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n fúyẹ́. Mo ti ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí, mo rò pé èèpo koríko ni. Mo gbá wọn jọ sí àtẹ́lẹwọ́. Etí mi kọ́ ló di lọ́jọ́ yẹn. Òkè ló dákẹ́.

Mo dúró kí ọkàn mi bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Bí mo ṣe ń já nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ ni mo ń wò. Mo ń sọ ọ́ nínú ara mi pé mo ṣẹ́ ẹ dáadáa, kò sí ibi tó tú.

Má gbé e ru ara rẹ. Ìwọ lo ní nẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, èmi ni mo mú èyí tó wà nílé. Ibi tí a ti ń wá bó ṣe máa dáa ló ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan fún ẹ. Bàbá rẹ ló fẹ́ràn Má-kánjú. Èmi, òdòdó ni mo mọ̀ ọ́n sí. O ní bó bá ti so, wàá wálé. Torí ìyẹn ni mo ṣe jókòó ti máṣíìnì tí mo pa aṣọ oníbàárà tì. Ìwọ ni mo fẹ́ rí.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ parọ́ fún ẹ. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé ó ti so, kí wọ́n lè jẹ́ kí o máa bọ̀, kó di ìgbà tí o bá dé. Mo ti kọ "ó ti" sílẹ̀. Mo wá rántí bàbá rẹ, tí kò sí ẹja tí wọ́n pa tí wọn kì í fi irọ́ kún gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò parọ́ lórí òdòdó yìí rí. Mo fa ìwé náà ya.

Kò so. Sọ fún ọ̀gá rẹ.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìdúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí lẹ́tà tí kò ní ìkíni yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lónìí, ti lónìí àti ti èyí tí mo jẹ yín.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní òun kẹ́dùn, iléeṣẹ́ ti fagi lé ìrìn àjò náà. Kò burú sí mi. Ó béèrè bóyá a lè fi nǹkan mìíràn sínú ìkòkò tó wà lórí pẹpẹ. Mo ní kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná. Àràárọ̀ ni mo ń tẹ bọ́tìnnì, kùrukùru ń bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é. Ọ̀gá mi náà ti rí mi níbẹ̀.

Mo ti gba ìsinmi tèmi, èmi ni mo sì máa gbé ara mi wá. N óò dé lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kẹjọ. Ọ̀gá mi ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé nígbà tí kò sí irúgbìn. Mo ní n kò mọ̀. Màmá, n kò mọ̀ ní tòótọ́. Ó yẹ kí n ti ṣe é nígbà tí ìwé jáde, láì dúró de òdòdó kankan. Kò wá sí mi lọ́kàn pé mo lè kàn wá.

Ẹ ní kí n má sọ pé ohunkóhun. Iṣu ni kí ẹ sè, kó má rọ̀ jù.

Ọmọ yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo tún fún Káfíńtà kà kó bá mi wò ó bóyá ohun tí mo rí ló wà níbẹ̀. Ó ní òun ni. Ó tún ní kí n bi ẹ́ léèrè, òrùlé wo ni kò dára.

Nọ́ọ̀sì gba ibí kọjá, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní orí ibùsùn ni wọ́n ṣe nẹ́ẹ̀tì náà fún, kí n lọ so ó síbẹ̀. Mo ti tú ojú rẹ̀, mo dá ti àwọn aládùúgbò padà, mo sì so tiwa sókè bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ẹ̀fọn pọ̀ lásìkò yìí.

Igi òdòdó wọn ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní òòró. Afẹ́fẹ́ kò tíì wó o. Ewé ìsàlẹ̀ ti di pípọ́n. Mo ṣì ń lọ wò wọ́n. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo ń lọ ṣe lókè nísinsìnyí, èmi náà ní n kò mọ̀. Ọmọ mi ni ẹ́ lóòótọ́.

Bí o bá dé, o ò ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Jẹ iṣu rẹ, sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò jọ gun òkè, ìwọ á wà níwájú, torí n kò lè gbọ́ bí o bá ṣubú lẹ́yìn mi. A óò jókòó sórí òkúta bàbá rẹ, òkúta náà gba ẹni méjì. Kò sí nǹkan kan tí a fẹ́ lọ wò níbẹ̀.

Màmá rẹ.